Iná Pupa Lápá Òsì

Bàbá mi,

Mi ò kọ "ọ̀wọ́n" síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ọ̀wọ́n lẹ jẹ́ sí mi, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà láàyè ni, mi ò ní lè dúró níwájú yín kí n sọ ọ́. Màá kàn dọ̀bálẹ̀, màá ní ẹ kú iṣẹ́, màá sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ní báyìí ẹ ti lọ, ẹ ò lè fi ojú bá mi wí mọ́, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ọ tán.

Mo rí iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú náà. Ẹ ti kú kí ìwé ìpè tó dé. Iléeṣẹ́ kékeré kan ni, ọkọ̀ wọn ń ná Ìlọrin, Ìbàdàn àti Kàdúná, wọ́n sì ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lásìkò Sáápù yìí, tí àwọn tó gboyè ní yunifásítì ń jókòó sílé, ẹ lè ro bí èrò tó wá fún íńtáfíù náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n bi mí ní ìṣirò, wọ́n bi mí nípa atẹ́gùn àti òjò, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ oníṣọ̀nà awọ ni mí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ní kí ló wá lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ bàbá mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀lẹ ni mí níbẹ̀. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ sọ fún gbogbo agboolé nípa mi ni mo sọ fún wọn, Bàbá, nítorí pé mo gbà yín gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ẹ ń rán tìmùtìmù fún ìyàwó kan tó ń lọ sílé ọkọ, ẹ ní kí n mú awọ pupa wá. Mo mú un wá. Ẹ wò ó, ẹ wò mí, ẹ ní kí n dá a padà kí n mú pupa wá. Mo mú òmíràn. Ẹ ò gbá mi létí. Ẹ kàn gé awọ wẹ́wẹ́, ẹ dà á sórí ẹní, ẹ ní kí n máa ṣà á, pupa sọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Mo ṣà á títí ẹ fi ní ó tó. Eré ni mo pè é. Lọ́jọ́ kejì ẹ ní mi ò gbọdọ̀ wọ ìsọ̀ mọ́, ẹ fi Mùfú àbúrò mi sí àyè mi. Nígbà tí àwọn bàbá agboolé bi yín, ẹ ní ọwọ́ mi ò yá, pé ọ̀lẹ ọmọ ni, kí n kúkú lọ kàwé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ fi kó mi lọ bá àbúrò yín tó ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Gbogbo Iléyá tí mo bá wálé, àwọn ọmọ agboolé á ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Ọ̀lẹ dé o, ẹ gbé àga fún un." Màá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kí n lè máa gbóòórùn awọ. Ẹ máa ń ti òwú bọ ẹnu kí ẹ tó fi sí abẹ́rẹ́, orin kan á sì máa jáde nímú yín tí ẹ kì í kọ parí. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ ti okùn bọ bàtà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu lá a. Ẹ ò ní gbójú sókè. Ọwọ́ lásán lẹ máa fi júwe fún mi pé kí n lọ gbé ìwé mi.

Nílé tíṣà, ní àdúgbò Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ń wo ọkọ̀ òfúrufú tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé òun ni mo fẹ́ máa wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀ ni, ife ẹ̀kọ mímu ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ dákẹ́, ìdákẹ́ náà pẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí. Ẹ wá ní kí Ọlọ́run gbé mi lékè. Mo ṣe àmín. Kí lẹ ń rò nínú ìdákẹ́ yẹn, Bàbá?

Mi ò ṣọ̀lẹ lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà o. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé kíláàsì. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, Kápúténì là ń pè é, gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ ń lọ sí Ìbàdàn láìgbérò. Nígbà tí ilẹ̀ fi wá sílẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ oríkì tí ẹ máa ń fi jí mi láàárọ̀. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì mọ ìgbà tí màá tún ní irú rẹ̀.

Kápúténì kọ́ wa pé lálẹ́, iná pupa ló wà lápá òsì ọkọ̀, iná aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Bí o bá rí iná ọkọ̀ mìíràn lókèèrè, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó dojú kọ fún ọ, kí ẹ má baà kọlu ara yín. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí Fátíhà. Lọ́jọ́ kan ó ti fèrèsé, ó tan gílóòbù kan, ó ní kí n pe àwọ̀ rẹ̀. Mo ní pupa. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Kápúténì ò rẹ́rìn-ín. Ó tan òmíràn, mo tún ṣì í. Ó ní kí n máa lọ bá dókítà.

Dókítà ṣí ìwé kan tó kún fún àmì tótòtó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí nọ́ńbà nínú rẹ̀. Èmi rí tótòtó. Ó ṣí i títí, ó pa á dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àbúrò, báwo lo ṣe dàgbà tó báyìí tí wọn ò sọ fún ẹ nílé?"

Mo ní kí ni wọn ò sọ.

"Pé o ò mọ pupa yàtọ̀ sí gíríìnì. Àbímọ́ ni, kò lóògùn. Wọn ò lè jẹ́ kó o wa ọkọ̀ òfúrufú. Pẹ̀lẹ́."

Wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo wọ mọ́tò láti Ìlọrin dé Ọ̀yọ́. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Mo rò ó fún wọn tán, wọn ò dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà.

"Bàbá ẹ mọ̀," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tó o ṣa awọ yẹn ló ti mọ̀. Bàbá tèmi náà, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn ní Ìrẹsà. Ata tó pọ́n àtèyí tí ò pọ́n, bákan náà ni lójú wọn, àwa ọmọ là ń bá wọn ká a. Bàbá ẹ ní bí aráyé bá gbọ́ ọ, ta ló máa wá fẹ́ Sìkírá?"

Sìkírá àbúrò mi tó ṣì ń rìn tàgétàgé nígbà náà lẹ torí ẹ̀ sọ mí di ọ̀lẹ. Ó yé mi, ẹ má rò pé kò yé mi. Mo mọ àwọn tó máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́yàwó. Wọ́n á béèrè wèrè, wọ́n á béèrè ẹ̀tẹ̀ àti wárápá, wọn kì í sì í yọ kékeré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, Bàbá. Ẹ rí i pé orí mi wọ́, ẹ sì yí ojú yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún èmi nìkan? Ṣé mi ò ní lè pa á mọ́ ni? Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ń fẹ́ àwọ̀, mo gbà. Orúkọ burúkú tí ẹ fún mi ńkọ́?

Èyí tó tún bí mi nínú jù nìyí. Sìkírá ti rí ọkọ, àwọn ará ilé ọkọ sì rán iṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ń kọ́ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó dá mi padà. Ìyá ní kí n sọ pé iṣẹ́ náà ló sú mi. Mo kọ̀. Mo ní mo ti jẹ́ ọ̀lẹ tó fún ìdílé yìí. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi nínú yàrá, Bàbá, ẹ̀yin lẹ sì fà á. Mo gbé wọn dìde, mi ò ṣèlérí kankan.

Wọ́n dé, ìyá àgbà kan àti àbúrò bàbá ọkọ. Lẹ́yìn ìkíni, bàbá náà kọjú sí mi.

"A gbọ́ pé ìwọ lò ń kọ́ ọkọ̀ òfúrufú. Kí ló dé tó o fi sílẹ̀?"

Láti òwúrọ̀ ni òtítọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo wá rí ẹsẹ̀ Sìkírá lábẹ́ kọ́tìnnì, ó ti fi làálì sí i, ó dúró wámúwámú.

"Ó sú mi ni, bàbá. Iṣẹ́ náà le jù fún mi."

Ó mi orí, ó fi àánú wo Ìyá. Kò tún béèrè nǹkan kan, ọ̀lẹ kì í ṣe àrùn ìdílé. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ni. Ohùn yín gan-an ló jáde lẹ́nu mi, mo sì bínú sí ara mi bí mo ṣe ń bínú sí yín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe Sìkírá lọ sí ìsọ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ bí ojú mi ṣe rí, àti ti bàbá ìyá wa ní Ìrẹsà. Mo ní bí ó bá bí ọmọkùnrin, kí ó tètè wò ó, kí ó sì sọ fún un ní gẹ́rẹ́ tó bá ti lè gbọ́rọ̀. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló wà bóyá ó máa sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó sunkún, èmi ló ń sunkún fún. Ó wá nu ojú, ó bi mí bóyá ẹ̀yin mọ̀.

Ẹ mọ bí ọmọ yẹn ṣe fẹ́ràn yín. Òun ló ṣì ń gbọn eruku ẹní yín ní gbogbo Jímọ̀.

Mo ní ẹ ò mọ̀.

Inú ṣì ń bí mi o. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin,
tó ń bínú, tó sì fẹ́ràn yín.