Ohùn Lindaura àti Ọjọ́ Mọ́kànlélógún

                                        Ilé Àánú, Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì Wa,
                                        Odòde, Ìdànrè,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Adérìnsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àkúrẹ́? Mọ́mì ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ àti Ẹwàolúwa ńkọ́, ṣé ọmọ ti ń rìn? Ara èmi le, àmọ́ inú mi ò dùn rárá. Mo mọ̀ pé o ti máa pè mí títí, o sì ti máa bú mi pé mo sá lọ lásìkò tí gbogbo wa ń retí àwo orin tuntun Lindaura. Fóònù mi ò sí lọ́wọ́ mi ni. Wòlíì Olútìmẹ́hìn ti gbà á láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì wà láti ìgbà náà, láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun. Tí mo bá sún mọ́ géètì báyìí, àwọn màmá ìjọ á rọra béèrè ibi tí mò ń lọ.

Ẹnu mi ló kó bá mi. O rántí pé láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún Lindaura, àgbà olórin Bràsíl tiwa, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án láìgbé àwo orin kankan jáde, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin! Ignatius àti àwọn ará Ìbàdàn inú ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù ń fẹ́ orin ijó, ìwọ ń fẹ́ kó padà sí gìtá kan ṣoṣo bíi ti àtijọ́. Èmi ò béèrè ju kí ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ni mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà pé, "Olúwa, dá ohùn Lindaura padà, kó tún kọrin fún wa," mo sì sọ ọ́ sínú àpótí.

Wòlíì kà á sétí ìjọ, wọ́n ní ta ni Lindaura. Èmi olóòótọ́, mo ní obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì òkun ni, pé mi ò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Adérìnsọ́lá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì káwọ́ lérí. Màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n dìde, wọ́n jẹ́rìí pé òótọ́ ni, pé èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ni mo fi máa ń kọrin tí mo bá ń fọṣọ. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé pé olórin lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pariwo "Jésù!" lé mi lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún mi.

Lánàá ni àwo náà jáde. Mo mọ wákàtí tí ẹ jọ máa gbọ́ ọ. Orí ẹní ni mo jókòó sí, mò ń ka Sáàmù, mò ń wo géètì, inú sì ń bí mi débi pé mo fẹ́ fo ògiri. Ṣùgbọ́n màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n fi oko kòkó wọn ní Aládé sílẹ̀ fún koríko nítorí mi, wọ́n ń bá mi gbààwẹ̀, wọ́n sì ti rù.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni Lindaura máa ń kọrin lé lórí. Mo ní lórí àwọn tó ń dúró de ẹni tó rìnrìn àjò. Wọ́n ní ṣé ó bímọ. Mo ní ọmọ méjì.

"Jemima, èèyàn ni obìnrin yìí, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi." Inú mi dùn, mo rò pé ó parí nìyẹn. Wọ́n bá dì mí lọ́wọ́ mú.

"Mo ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ. Wòlíì ní tí o bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́la, àwọn á tú ẹ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Mo máa ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa sọ ọ́ níwájú pẹpẹ pé mi ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Lindaura. Gbogbo ìjọ á ṣe àmín, màmá mi á sì jó.

Bá mi kí Mọ́mì àti ọkọ rẹ, kí o gbé Ẹwàolúwa jó fún mi. Kí Ignatius àti gbogbo ẹgbẹ́ wa. Tí wọ́n bá béèrè mi, ní ara mi ò yá. Catherine tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì ló gbé lẹ́tà yìí wá. Ó máa padà síbí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Jọ̀ọ́, má fi èsì kankan rán an. Tí mo bá gbọ́ pé ohùn Lindaura ti padà, mi ò ní lè ṣẹ́ ẹ.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n há mọ́,
                                        Jemima.