Ẹja Yíyan ní Ìpòtì

Jemilat, ìyàwó mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìbàdàn? Ara mi le, ọjà sì ń lọ. Ojú àwọn ará Ìpòtì yìí ni kò tíì là rárá. Mo yan ẹja àrọ̀, mo fi ata àti àlùbọ́sà pa á lára títí tó fi ń dán, mo to àga síta, mo yí orin sókè. Ẹnì kan ò jókòó. Ulé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé, ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á fi omi ṣan ata mi dànù, wọ́n á jù ú sínú ọbẹ̀, wọ́n á fi jẹyán! Ọ̀bùn wo ló ń fọ ẹja yíyan?

Màmá Deborah, oníyán tó wà ní òdìkejì títì, ló burú jù. Ó ń ra ẹja mi, ó ń fọ̀ ọ́ níṣojú mi, èrò sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi gbé àga mi fún un.

Má tíì kó ẹrù rẹ wá o. Bá mi kí Ìyá àti Bàrákàt. Alẹ́ ni kí o máa pè mí. Lọ́sàn-án, ọmọ odó Màmá Deborah ló máa ń wà lọ́wọ́ mi.

Ọkọ rẹ,
Taofeek