Àwọn Òyìnbó Tí Mi Ò Rí Nínú Fọ́tò Kíláàsì Liyema

Zoleka ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú otútù Joburg. Ọlọ́run tó jí èmi àti àwọn adìyẹ mi ní Cofimvaba níbí kò ní gbàgbé ìwọ náà sórí ibùsùn. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣàròyé. Àgbàdo ti wọ àká. Ewúrẹ́ wa wọ oko MaTolo, aládùúgbò wa, ó jẹ kábéèjì rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò ti kí mi dáadáa mọ́.

O ní kí n ta akọ màlúù dúdú kí a lè fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ Liyema. Màlúù tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ nìyẹn, mi ò sì kọ̀. Àmọ́ ohun tí o sọ fún mi ni pé ilé-ìwé òyìnbó ni, ti àwọn Sístà Kátólíìkì, mo gbà bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́tọ́díìsì ni wá. Ìgbà tí o wá fi fọ́tò kíláàsì ránṣẹ́ sórí fóònù, mo wá àwọn òyìnbó náà tì. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́, bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Mo ní àbí dátà mi ló kéré tí kò lè gbé gbogbo ọmọ dé, mo bá ra ti ogún ráńdì sí i, mo tún un ṣí. Àwọn ọmọ wa náà ni, àti Sístà arúgbó kan tó pọ́n bíi tòmátì.

MaTolo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, "MaGaba, ṣé torí àwọn wọ̀nyí lo ṣe fẹ́ ta màlúù? Irú wọn kún ilé-ìwé tiwa níbí, ọ̀fẹ́ sì ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí torí pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo pinnu pé màlúù ò kúrò nílé mọ́, kí Liyema padà wá kàwé lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tó wá lo ìsinmi, mo bi í pé níbo ni àwọn òyìnbó náà wọlé sí. Ó ní fọ́tò wọn wà lára ògiri níbẹ̀, ti àtijọ́. Bí irú wa ṣe ń wọlé ni wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún, títí wọ́n fi kó lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ó ní àwọn ọmọ Kátólíìkì gan-an ò pọ̀, Mẹ́tọ́díìsì ló pọ̀ jù, àwọn Mùsùlùmí náà sì ń bẹ. Mo bi í pé ṣé wọ́n kó àwọn tísà lọ ni. Ọmọ rẹ fi èmi ìyá àgbà rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Makhulu, Sístà ò lọ o. Ó ṣì ń fi rúlà gbá tábìlì tí a bá ṣi ìṣirò."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá dìde nídìí ìkòkò, ọbẹ̀ ò tìtorí ẹ̀ di omi. Òyìnbó tí àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ, tóun dúró ti ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi gbó síbẹ̀, màlúù mi ò ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni oníṣòwò màlúù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bá mi bi Sístà, ìbéèrè kì í ṣe ìjà: nígbà tí àwọn òyìnbó ti lọ, ṣé wọn ò lè yọ owó òyìnbó díẹ̀ kúrò nínú owó ilé-ìwé náà?

Fi owó ránṣẹ́ kí n rán búláòsì pupa tuntun tí àwa obìnrin Mẹ́tọ́díìsì ń wọ̀ lọ sí ìpàdé ìyá ìjọ, èyí tó wà lọ́rùn mi ti ṣá. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ibi tí ìwọ àti Liyema bá jókòó sí, èèyàn ò ní dìde kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá sì dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín, àyè ti gbà yín nìyẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
MaGaba