Aṣọ Funfun Tí Ẹ Wọ̀ Lọ

Bàbá mi, ẹni tí mo ń jí rò,

Ṣé ẹni tó ń ṣiyèméjì lè tẹ́ aṣọ fún àlejò tí kò dá a lójú pé ó ń bọ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ má ṣàníyàn, inú mi kò bàjẹ́. Inú mi ń dùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Ẹ rántí aṣọ funfun ìdí àpótí yín ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí ẹ máa ń tẹ́ sáàárín agbo bí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ yín bá ń ṣe wásífà, àdúà àjùmọ̀ṣe yín, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fọ̀ ọ́, ẹ ó fi lọ́fínńdà sí i, ẹ ó ká a sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, Àǹtí Sìkírá, àbúrò yín, ló ṣí àpótí. Ó rí aṣọ tó mọ́ nigín, tó ń ta sánsán, ó gbà pé ẹ ti ra aṣọ ìsìnkú yín sílẹ̀ bí àwọn àgbà Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ló bá gbé e fún àwọn tó wẹ̀ yín. Òun lẹ wọ̀ lọ.

A kò mọ̀ o! Àfìgbà tí Àlájì, olórí agbo yín, ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ yìí pé kí n wá gbé aṣọ àwọn fún wọn. Mo gba Ìmọ́tà àti Àgbówà dé Ẹ̀pẹ́, èmi, Àǹtí àti Àlájì ṣí àpótí, ó ṣófo. Ìgbà náà ni Àǹtí rántí. Ó bú sẹ́kún. Àlájì wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo ọkùnrin yìí! A ní kó bá wa ṣọ́ aṣọ, ó wọ̀ ọ́ lọ!”

“Àlájì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì ni.”

“Àforíjì kí ni, Sìkírá? Ká ní èmi lo fi aṣọ yẹn sin ni, ṣé wàá rí i gbà lọ́wọ́ mi?” Ó yíjú sí mi. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, aṣọ tuntun dọwọ́ ẹ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ìwọ lo máa tẹ́ ẹ, ìwọ lo máa jókòó sáyè bàbá ẹ.”

Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Ìwé tí mo kà pọ̀, kò sì dá mi lójú rí pé àwọn ẹni mímọ́ tí ojú kò rí máa ń wá sórí aṣọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jókòó sáyè yín gbọ́dọ̀ gba wírídì, àdúà ojoojúmọ́ tí ẹni tó bá gbà á kò gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀ títí tó fi máa kú. Ṣé kí n wá purọ́ fún àwọn arúgbó ni?

Ni mo bá padà sí Ìkòròdú, mo ki orí bọ ìtàn àwọn Súfí, àwọn tó la ọ̀nà tí agbo yín ń tọ̀. Áà, Bàbá! N kò mọ̀ pé ó gbóná tó báyìí! Àwọn àkọ́kọ́ wọ aṣọ irun àgùntàn tó ń yún ni lára, nígbà tí àwọn ọba wà nínú sílíìkì. Obìnrin kan ní ìlú Básírà, ẹrú tẹ́lẹ̀, sin Ọlọ́run nítorí ìfẹ́ nìkan, kì í ṣe nítorí iná tàbí ọgbà ìdẹ̀ra. Ọkùnrin kan wà ní Bàgídádì tí ìfẹ́ náà kún ẹnu rẹ̀ àkúnya tó fi ní òun àti Ọlọ́run ti di ọ̀kan, wọ́n sì pa á ní gbangba. Ìtàn wọn lẹ máa ń sọ bí ẹ bá ń yọ egungun ẹja fún wa nígbà oúnjẹ. Mo rò pé àlọ́ ni!

Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ti olùkọ́ ńlá kan fún mi. Ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ní Bàgídádì, ahọ́n rẹ̀ kọ̀, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó fi ipò sílẹ̀, ó di arìnrìn-àjò, ó sì gba ọ̀nà àwọn Súfí. Ó ṣiyèméjì, Bàbá! Ẹni tí àwọn aláfáà yín ń ka ìwé rẹ̀! Ṣé ẹ kò mọ̀ ni, àbí ẹ ń dúró kí n fúnra mi bá a pàdé?

Mo tún kà pé ṣéèkì, olùkọ́ àwọn Súfí, máa ń bọ́ ẹ̀wù alábùlẹ̀ ọrùn rẹ̀, á fi lé ọmọlẹ́yìn rẹ̀ léjìká. Ẹ̀yin kò fi nǹkan kan lé mi. Ẹ wọ ti yín lọ. Ṣé àwọn àlejò yẹn bá yín débẹ̀?

Lánàá, mo lọ ra aṣọ ní ọjà Bẹ́ńsìn. Bí mo ṣe ní funfun ni mo fẹ́, obìnrin tó ń tà á fọwọ́ lérán.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, bọ̀dá. Ti bàbá ni àbí ti màmá?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ti wásífà ni.”

“Ẹ̀yin náà ń ṣe é?”

“N kò tíì mọ̀.”

“Ẹ kò tíì mọ̀, ẹ wá ń yan ojúlówó?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀n ọ́n fún mi dáadáa.

Bàbá, mo ti pinnu. Lónìí tí í ṣe Jímọ́ọ̀, n ó sọ fún Àlájì níwájú gbogbo agbo pé n kò ní gba wírídì, nítorí kò tíì dá mi lójú. Bí ó bá lé mi, n ó fi aṣọ sílẹ̀ fún wọn, n ó máa lọ. Bí kò bá lé mi, n ó tẹ́ ẹ kó gún régé, n ó jókòó sẹ́yìn, n ó máa wò ó. Àyè yín á ṣófo ná. Ó sàn kó ṣófo ju kí n fi irọ́ kún un.

Wọ́n ti ń pe ìrun Àsùbáà. Ojúmọ́ ti ń mọ́ lójú fèrèsé, mo sì ti pa àtùpà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.