Mo Dá Àtẹ́wọ́ Senami Padà fún Tíṣà Akínlóyè

Ajídò,
Lẹ́bàá Badagry.

Abdulhameed, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ariwo bọ́dà Sẹmẹ̀ ṣì ń jẹ́ kí o sùn? Mo gbà á ládùúrà pé kí àìsàn má mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àwa náà wà, ẹja sì ń wọ àwọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Mi ò gbá Tíṣà Akínlóyè létí, ọlọ́pàá kankan ò sì tì mí mọ́lé. Ohun tí mo ṣe fún un dùn ún ju ìgbátí lọ, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O mọ Senami, àbúrò mi. Akínlóyè pè é jáde níwájú kíláàsì, ó ní kó kàwé. Ọmọ náà ń da lẹ́tà pọ̀ mọ́ra wọn. Tíṣà pè é ní olódo, ó ní kí àwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá ránṣẹ́ pe ìyá mi, ó ní, "Ìyá Senami, ẹ lọ fi ọmọ yìí sídìí ẹja yíyan. Kò lè mọ̀wé láéláé." Ó ní bí sáà yìí bá ti parí, òun máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìyá mi sunkún délé. Èmi ò sunkún. Mo fi í sínú.

Ohun tí kò yé mi ni pé Senami yìí kan náà ló máa ń dúró ní èbúté, tó ń ka orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ọkọ̀ fún wa kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Báwo ni olódo ṣe ń kàwé lókèèrè, tí kò wá lè ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo lọ sí Àjàrá, mo bá Mubarakah tí a jọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ló wà báyìí, bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń ríran ló ń kọ́. Mo mú un wá sílé. Ó ní ojú kàn ń kó ohun tó rí ránṣẹ́ ni, ọpọlọ ló ń kà á. Bí lẹ́tà bá fún mọ́ra jù, ọpọlọ àwọn ọmọ mìíràn á da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì; bí àyè bá wà láàárín wọn, wọ́n á kà á. Ìyá mi ló kọ́kọ́ lóye. Ó ní, "Bí ẹja orí ààrò ni. Tí o bá tò ó fún mọ́ra, èéfín ò ní ráyè kọjá." A tún ìwé kíláàsì rẹ̀ kọ, gàdàgbà, pẹ̀lú àyè. Senami ń falẹ̀, àmọ́ kò ṣì í kà.

Mo dúró de ọjọ́ ìpàdé òbí, Mubarakah sì bá wa lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n túká, mo dìde, mo ya àmì róbótó kan sí pátákó, mo fún lẹ́tà márùn-ún pọ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀, bí Mubarakah ṣe kọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tẹjú mọ́ àmì yìí, ẹ má yí ojú kúrò. Lẹ́tà wo ló wà láàárín àwọn tó kù?" Akínlóyè rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀kan, kì í ṣe òun. Ó sọ òmíràn. Òógùn bò ó. Mo mọ̀ pé bí ọpọlọ gbogbo wa ṣe rí nìyẹn tí lẹ́tà tó fún pọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a tẹjú mọ́, èmi náà ò rí i nígbà tí Mubarakah dán mi wò. Mi ò sọ fún un. Mo jẹ́ kó máa wò ó, títí Ìyá Nurat, àgbàlagbà ẹlẹ́ja, fi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Senami dìde, tó ka ìwé tí a tún kọ. Hẹdimásítà ní kò sẹ́ni tó máa yọ orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó dúró tì wá: ìyá mi, Mubarakah, Ìyá Nurat. Ìgbà tí mo rí i pé àwọn tó ti ń pe ọmọ náà ní olódo lójú pópó náà ti dìde, mo dá kíkà dúró.

Lọ́jọ́ kejì, Akínlóyè wá bẹ̀ wá. Ìyá mi fún un lómi mu, ó dárí jì í. Èmi ò dárí jì í. Wọ́n ní ó ti ń fi àyè sílẹ̀ lórí pátákó báyìí. Ó dára fún àwọn ọmọ. Kò kàn mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ ní bọ́dà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, kí ojú tirẹ̀ kọ́kọ́ tì í.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fi ọ́ sílẹ̀,
Dosu.

Àfikún: Ọkọ̀ tuntun mi ti wọ omi. Senami ló fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí i lára, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyè tirẹ̀: K Ò   L È   M Ọ̀ W É   L Á É L Á É. Ẹ̀yìnkùlé Akínlóyè, níbi tó kọjú sí ọ̀sà, ni mo ń so ó mọ́. Kò sí bó ṣe máa ṣì í kà.