Aṣọ Tó Wà Lórí Wáyà Rédíò Yín

Dádì, ẹ má bínú. Nígbà tẹ́ ẹ lọ ra bátìrì ní Dùgbẹ̀, mo sá búláńkẹ́ẹ̀tì tútù sórí wáyà ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé okùn aṣọ ni, àṣé ti rédíò àtijọ́ yín ni! Ṣùgbọ́n rédíò tó kàn ń hó láti Sọ́ńdè, bí mo ṣe sá a báyìí, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ketekete. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Haúsá. Ṣé ilé iṣẹ́ rédíò tẹ́ ẹ ti ń wá láti èṣí nìyẹn? Mọ́mì ní, "Ká a kíá, kí bàbá ẹ tó dé!" Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe mọ́. Kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fi í síbẹ̀. Tó bá gbẹ tí ọkùnrin yẹn bá dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi sí i.

Mofẹ́olúwa