Kí Bọ̀ọ̀dá Tó Fa Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lé Dọ̀tun Lọ́wọ́

Ẹ kú ilé o, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ọmọ ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Létí gbogbo yín ni kí wọ́n ti ka lẹ́tà yìí.

Ara mi le. Òjò Dublin kò dá, mo ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ gbálẹ̀ ní Mulhuddart láàárọ̀. Wọ́n ní kí n sinmi; mo ní ta ló sọ pé ó rẹ òun.

Bùkọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló ń kàwé ìdánwò tí mo fi bi í léèrè ohun tó ń kùn lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi dá mi lóhùn, mo ní kó máa tún un sọ títí ó fi yé mi. Ó ní ọba Sípéènì gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní òdìkejì òkun, níhà Mẹ́síkò àti Perú, ilẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ó rán ajẹ́lẹ̀ lọ jókòó dípò rẹ̀. Ó fi àwọn adájọ́ tì í kí wọ́n máa wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ̀wé sí ọba láìgbàṣẹ lẹ́nu ajẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun jìn. Bí àṣẹ ọba bá dé tí kò bá ajẹ́lẹ̀ lára mu, á fi ẹnu kan ìwé àṣẹ náà bí ẹni ń júbà, á gbé e lé orí, á ní òun gbọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òun ò sì ní ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi. Mo ní mo mọ ẹni yẹn, ọmọ ìyá mi ni.

Ṣé mi ò bẹ̀ yín lórí fóònù, Bọ̀ọ̀dá, pé kí ẹ má fọwọ́ kan yàrá Ìyá Ṣọlá, opó àbúrò wa? Ẹ ní ẹ ti gbọ́, ẹ tún ṣàdúrà fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Dọ̀tun ọmọ yín fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin náà ń sùn báyìí. Mo pè yín padà, ẹ ní obìnrin tó wà ní Dublin kò lè pàṣẹ ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀yin wà nílé ìwé, orí ta ni wọ́n fi ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ ilé yẹn?

Ẹ wá fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé Dọ̀tun lọ́wọ́ kó di olórí ẹbí. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bùkọ́lá ní bí ìgbà ajẹ́lẹ̀ bá pé, kò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Wọ́n á kéde kiri, adájọ́ á jókòó, ẹnikẹ́ni tí ajẹ́lẹ̀ bá ṣẹ̀ á wá rojọ́ níwájú adájọ́, títí kan onílẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń fún adájọ́ ní rìbá. Mo ní kò burú, ṣé àwọn ajẹ́lẹ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn? Ó ní wọ́n jókòó.

Ẹ̀yin náà á jókòó gbọ́ tiyín kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Àǹtí Mọ́jí tó dàgbà jù nínú wa ni adájọ́, Ìyá Ṣọlá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní kí Dọ̀tun ní olórí láéláé, àwọn ọmọ ilé wa tó wà ní Ballymun ní Dublin níbí náà ò ní kí i. A ti fẹnu kò.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á sì là yín létí. Ẹ bá mi kí Àǹtí, ẹ kí àwọn ọmọdé, ẹ kí Dọ̀tun pàápàá. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣọlá; inú yàrá rẹ̀ ni kí ẹ ti kí i.

Èmi ni ọmọ ìyá yín, àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́